Èbu Ló Ṣáájú Òkúta

Òkúta kan wà nílẹ̀ láàárín láàbù, ó tó ìkúùkù àgbàlagbà. Gíláàsì fèrèsé fọ́ yángá-yángá yí i ká. Ìgò ńlá kan ti ṣubú lórí tábìlì, oje pupa rúsúrúsú inú rẹ̀ ti ṣàn dé ẹsẹ̀ àga, ó sì ń lẹ̀ mọ́ bàtà ẹni tó bá kọjá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú kí Dókítà Mosúnmọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni.

Ìnísípẹ́kítọ̀ Ràshídátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wo inú kọ́bọ́ọ̀dù náà. Àwo gíláàsì pẹlẹbẹ tó ní ọmọrí ni wọ́n tò síbẹ̀ lórí ara wọn. Èbu aláwọ̀ ewé ti gba inú gbogbo wọn, irú èyí tí ń hù lára búrẹ́dì tí ènìyàn gbàgbé sínú ọ̀rá.

"Kí ló wà nínú wọn tẹ́lẹ̀, Dókítà?"

"Olú ni," Mosúnmọ́lá dáhùn. "Kì í ṣe olú tí a ń sè lọ́bẹ̀ o. Èyí kò ju fọ́nrán òwú lọ. Òun ló ń pa aràn."

Ó wá ṣàlàyé. Gbogbo ẹni tó ń sin ewúrẹ́ àti àgùntàn láti Ẹ̀jìgbò dé Masifa ló mọ aràn tí ń gbé inú ikùn ẹran tí ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu. Ìpéǹpéjú ẹran á funfun, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ á wú, nígbà tó bá yá á dùbúlẹ̀, kò sì ní dìde mọ́. Oògùn tí wọ́n ń rà lọ́jà ti di omi lásán lẹ́nu aràn yìí, oògùn náà ti mọ́ ọn lára. Olú inú àwo yìí ló ń sun oje kan jáde. Bí wọ́n bá kán oje náà sórí aràn, yóò jà títí di ọjọ́ kejì, yóò na gbọọrọ bí okùn bàtà, ó parí. Wọ́n ti fún àwọn ewúrẹ́ kan mu, aràn kú, ewúrẹ́ ń jẹko. Àwọn onímọ̀ láti òkè òkun ń bọ̀ wá wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èyí tí wọ́n tọ́jú sínú fírísà ti bàjẹ́ nígbà tí iná lọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ìtì ọ̀pẹ tó ti jẹrà, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, àwọn àgbẹ̀ ti dáná sun ún nígbà tí wọ́n ń pa oko. Èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù nìkan ló kù láyé.

"Ta lẹ fura sí?"

Mosúnmọ́lá kò ronú rárá. "Jamaldeen ni. Òun ló ń kó oògùn aràn wọ̀lú láti Kódífúà. Bí olú yìí bá di oògùn, ta ni yóò ra tirẹ̀ mọ́?"

Obìnrin kan dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ń retí kí ọlọ́pàá ní kí òun gbá gíláàsì náà kúrò. Damaris ni. Òun àti Mosúnmọ́lá ti ń bára wọn bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n jọ lọ Yunifásítì, wọ́n sì jọ wọ láàbù kékeré yìí, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kan kọ́ sẹ́yìn ìlú lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Mosúnmọ́lá ni ọ̀gá, Damaris ni igbákejì.

Damaris sọ pé ó jọ pé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún Iléyá ni olè náà wọlé, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti láàbù pa. Ó ní èbu kì í fo wọ inú àwo lónìí kó di aláwọ̀ ewé lọ́la. Á kọ́kọ́ funfun, á gba ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó yí àwọ̀ padà. Mosúnmọ́lá mi orí, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Ràshídátù dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó wá rìn lọ sí ìdí fèrèsé. Wọ́n tẹ́ pépà sórí tábìlì tó wà níbẹ̀. Ó fọwọ́ pa á. Ó gbẹ táútáú, kò sí àpá omi kankan lára rẹ̀. Ó wo oje tó ń lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀, ó sì pe Sájẹ́ǹtì Tàjùdíìnì, ọmọ abẹ́ rẹ̀, síta.

"Òjò ọjọ́ kejì Iléyá, apá ibo ló ti wá?"

Tàjùdíìnì ní apá ìwọ̀ oòrùn ni, ó ní ó ṣí páànù ilé ẹ̀gbọ́n òun kan lọ ní Masifa.

"Apá ibẹ̀ gan-an ni fèrèsé yìí kọjú sí," Ràshídátù wí. "Bó bá jẹ́ pé ó ti fọ́ ṣáájú òjò, pépà yẹn ì bá ti di ògì. Oje ìgò sì ń lẹ̀ mọ́ bàtà wa síbẹ̀, kò tíì gbẹ. Àná ni wọ́n sọ òkúta yìí, Tàjù. Èbu sì ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kí òkúta tó dé."

Tàjùdíìnì ronú sí i. "Ṣé olè méjì ló wá ni?"

"Ó lè jẹ́ méjì. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

*

Jamaldeen ń fi omi wẹ ẹsẹ̀ ewúrẹ́ kan nígbà tí wọ́n dé ilé rẹ̀. Bó ṣe rí aṣọ ọlọ́pàá ló dìde dúró. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan, òun kò dé ibẹ̀, ọdún lòun ń ṣe. Ràshídátù jókòó lórí pákó. Òun náà dàgbà ní Kódífúà, ní ìlú Àbíjàn, ó sì fi èdè Faransé bi í léèrè àdúgbò tó gbé níbẹ̀. Ojú ọkùnrin náà rọ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ọjà Ajamé, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ẹja díndín àti àtíẹ́kẹ́ tí wọ́n ń fi gbágùúdá ṣe, lẹ́yìn náà ni Ràshídátù sọ fún un ní Yorùbá pé ọ̀rá ìgbẹ́ ewúrẹ́ kan ń fì lára ilẹ̀kùn láàbù, kò sì sí ẹlòmíràn tí í fi okùn aláwọ̀ méjì so ọ̀rá ní Ẹ̀jìgbò bí kò ṣe ẹni tó ń ta oògùn ẹran.

Jamaldeen gbà. Ó ní Dókítà ló ní kí òun máa kó ìgbẹ́ àwọn ewúrẹ́ òun wá fún àyẹ̀wò. Ó rò pé wọ́n á ti ṣí láàbù lánàá. Nígbà tó bá a ní títì, ó so ọ̀rá mọ́ ilẹ̀kùn, ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ síwájú ibẹ̀, ó sì bọ́ sí abẹ́ igi lẹ́yìn ilé láti kírun ìrọ̀lẹ́. Ó wà lórí ìrun nígbà tó gbọ́ gbàù.

"Ṣé ẹ rí ẹni náà?"

"Mo rí i nígbà tó ń sá lọ." Ó wẹ̀yìn wò. "Hàjíà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní èmi ni mo sọ. Ọkọ Dókítà ni."

Ó fi kún un pé òun kò ní ìdí kankan láti ba olú náà jẹ́. Oògùn tí òun ń tà kò ṣiṣẹ́ mọ́, àwọn oníbàárà ń bú òun lójú ọ̀nà. Ewúrẹ́ tí òun ń wẹ̀ yìí, ó ti ń kú lọ kí Dókítà tó fún un ní oje. Ẹni tí yóò máa ta tuntun ni òun fẹ́ jẹ́.

*

Tíṣà ìṣirò ni Ayọ̀díjí, ọkọ Mosúnmọ́lá. Kò jiyàn. Bí wọ́n ṣe bi í nípa òkúta ló gbé orí sọ́wọ́.

Ó ní lánàá, ìyàwó òun sọ pé ó fẹ́ lọ dirun nítorí àwọn àlejò òkè òkun. Òun pè é títí, fóònù kò lọ. Ọkàn òun kò balẹ̀, òun wa mọ́tò lọ sí láàbù, òun sì bá ọ̀kadà Jamaldeen níwájú ilẹ̀kùn tó tì. Láti ọdún tó kọjá, orúkọ Jamaldeen kò kúrò lẹ́nu ìyàwó òun. Ewúrẹ́ Jamaldeen báyìí, ewúrẹ́ Jamaldeen bọ́hùn-ún.

"Ó máa ń rẹ́rìn-ín tó bá ń sọ nípa aràn," ni Ayọ̀díjí wí. "Kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo rò pé wọ́n wà nínú ilé. Mo mú òkúta."

Tàjùdíìnì ti ń wá ibi tó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ sí. Ràshídátù fọwọ́ dá a dúró. Ó yọ ọ̀kan nínú àwọn àwo náà nínú àpò, ó gbé e síwájú tíṣà, ó ní kó bá òun ṣí i. Ayọ̀díjí ká ọmọrí rẹ̀ bí ẹni ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀, ó da inú ọmọrí náà kọ ojú ọ̀run lórí tábìlì, ó sì ki àtàǹpàkò bọ àwo náà níbi tó ti dì í mú.

"Ẹ ṣeun," Ràshídátù wí. "Ẹ máa lọ sílé. Ẹ lọ ra gíláàsì fèrèsé, kẹ́ ẹ sì sọ fún ìyàwó yín fúnra yín kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Nígbà tí wọ́n bọ́ síta, Tàjùdíìnì kò lè pa á mọ́ra. Ó ní ọkùnrin náà ti jẹ́wọ́, kí ló tún kù? Bí kọ́kọ́rọ́ láàbù bá ń sùn nílé rẹ̀, ṣé kò lè ti wọlé ṣáájú ọdún ni?

"Bí kọ́kọ́rọ́ bá ń sùn nílé rẹ, kí lo fẹ́ fi òkúta ṣe? Ẹni tí owú gbé wọ̀ lójijì ní í sọ òkúta. Ẹni tó gbin èbu yìí kò kánjú." Ó gbé àwo náà sójú oòrùn. "Wò ó dáadáa. Ibo ni èbu yìí ti bẹ̀rẹ̀?"

Tàjùdíìnì wò ó. Àárín gbùngbùn ni. Ó dúdú díẹ̀ níbẹ̀, ó sì fẹ̀ yíká bí omi tí ènìyàn sọ òkò sí. Ó yọ òmíràn wò, àárín gbùngbùn náà ni. Gbogbo wọn rí bẹ́ẹ̀.

"Èbu tí atẹ́gùn bá gbé wá," ni Ràshídátù wí, "ibi tó bá wù ú ló ń bà sí, bí ẹ̀kán òjò. Ọ̀kan á wà létí, méjì á wà lápá òkè. Èyí, ènìyàn ló fi abẹ́rẹ́ kàn án síbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù. Iṣẹ́ yẹn ti mọ́ ọwọ́ náà lára débi pé kò lè ṣe é ní jákujàku bó tilẹ̀ jẹ́ ìbàjẹ́ ló fẹ́ ṣe. Kì í ṣe ọwọ́ tíṣà tó ki àtàǹpàkò bọ àwo. Wọn kò já kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni méjì péré ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tó sì ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀."

"Dókítà ni ọ̀kan."

"Ta ní í pa màlúù ara rẹ̀ nígbà tí oníbàárà ti ń bọ̀ lọ́nà?"

*

Síbẹ̀, Ràshídátù kò lọ mú Damaris. Òye ló ní, kò ní ẹ̀rí. Ó padà sọ́dọ̀ Mosúnmọ́lá, ó ní kó tún ìtàn bí wọ́n ṣe rí olú náà sọ fún òun. Mosúnmọ́lá sọ ọ́ dáadáa bí ẹni tó ti sọ ọ́ lórí rédíò rí. "Mo lọ sí ìlú Ola. Mo rí ìtì ọ̀pẹ kan tó ti jẹrà. Mo ṣàkíyèsí pé kòkòrò wà lára gbogbo igi tó yí i ká, kò sí ọ̀kan lára tirẹ̀."

"Kí lẹ lọ ṣe ní Ola?"

"Ṣé ní Ola?" Mosúnmọ́lá tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Damaris ló mú mi lọ. Oko bàbá rẹ̀ ni."

"Ta ló kọ́kọ́ rí ìtì ọ̀pẹ náà?"

Mosúnmọ́lá ní àwọn jọ wà níbẹ̀ ni.

Ràshídátù kò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Nígbà tó jókòó sínú mọ́tò, orogún ìyá rẹ̀ ló wá sọ́kàn rẹ̀. Ní Àbíjàn, ìyá rẹ̀ àti orogún rẹ̀ jọ ń rán kọ́tìnnì tà, ìyá rẹ̀ ni ojú àwọn oníbàárà mọ̀. Lọ́jọ́ kan tí owú gun orogún náà, ó fi àlùmọ́gàjí gé gbogbo kọ́tìnnì tó wà nílé wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó fi ọ̀kan sílẹ̀. Èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe òdòdó sí ni. Ó ká a sábẹ́ ìrọ̀rí. Ọmọdé ni Ràshídátù nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ohun tó rí kò ṣí lọ lójú rẹ̀: olówú lè ba ohun ẹlòmíràn jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá gbà gbọ́ pé tòun ni, kò ní lè pa á.

"Tàjù," ó wí, "olú yẹn kò kú. Ola là ń lọ."

Ìyá Damaris wà níwájú ilé, ó ń sá gbágùúdá sórí àpáta. Ràshídátù kúnlẹ̀ kí i, ó sọ pé ọ̀rọ̀ olè tó wọ ibi iṣẹ́ Damaris ló gbé àwọn wá, àwọn fẹ́ wo ẹrù tó kó wálé nígbà ọdún. Ìyá náà ṣí yàrá ọmọ rẹ̀ fún wọn láìfura. Ó ní kí wọ́n rọra ṣe o, Damaris kìlọ̀ fún òun pé kí òun má fọwọ́ kan ìgò kankan níbẹ̀, kí òun má sì jẹ́ kí oòrùn wọlé.

Ìgò náà wà lórí selífù, wọ́n fi òwú dí ẹnu wọn. Olú funfun ti kún inú wọn bí irun àgùntàn, ó ti gun ara ìgò dé ọrùn. Oje pupa rúsúrúsú ń sẹ̀ lára rẹ̀ bí òógùn. Tàjùdíìnì, tó ti ń rò pé ìrìn asán ni wọ́n rìn, bọ́ fìlà rẹ̀.

*

Ní téṣàn, Damaris kò sunkún. Ó ní bí wọ́n bá ti bá ìgò, kò sí ohun tí òun fẹ́ fi pamọ́ mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ti láàbù pa lòun fi èbu sí àwọn àwo náà, lẹ́yìn tí Mosúnmọ́lá ti lọ ra àgbò. Òun ti kọ́kọ́ kó ti òun jáde. Ẹ̀rù ti ń ba òun pé wọ́n á mọ̀ pé ọwọ́ inú ilé ni, àfi ìgbà tí òun dé tí òun rí fèrèsé tó fọ́. Òun rò pé Ọlọ́run ló ṣíjú àánú wo òun.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe é?" Ràshídátù bi í.

"Èmi ni mo fi àdá gbẹ́ ìtì ọ̀pẹ yẹn. Mo pè é, mo ní, 'Mosún, wá wo nǹkan.' Ó wá wò ó. Láti ọjọ́ náà ló ti di 'mo rí i.' Mo kọ́kọ́ rò pé àṣìsọ ni. Mo ń gbọ́ ọ lórí rédíò, mo ń gbọ́ ọ níwájú àwọn àgbẹ̀, èmi sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń di àpò rẹ̀ mú." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ bímọ, ẹlòmíràn pọ̀n ọ́n lójú yín, ó tún ní kẹ́ ẹ wá bá òun gba ọ̀já."

Mosúnmọ́lá dé ní ọjọ́ kejì. Wọ́n ti dá àwọn ìgò náà padà fún un ní ìrọ̀lẹ́ àná kó lè mọ̀ bóyá agbára wọn ṣì wà níbẹ̀. Ràshídátù retí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tàbí ẹni tó ń bínú. Kò rí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ojú obìnrin náà pọ́n, ó ń jẹ ètè. Ó ní òun fẹ́ rí Damaris.

Wọ́n mú un jáde. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì jókòó, tábìlì ọlọ́pàá wà láàárín wọn, wọn kò kí ara wọn.

"Mo dán an wò," Mosúnmọ́lá wí níkẹyìn. "Lọ́dọ̀ mi, aràn máa ń jà dé ọjọ́ kejì kó tó kú. Tìrẹ, mi ò tíì mu tíì mi tán tí wọ́n fi kú."

Damaris fa àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Kí lo fi bọ́ ọ?"

Ìgbà yẹn ni Ràshídátù mọ ohun tó wà lójú Mosúnmọ́lá. Owú ni. Owú tó jẹ Damaris fún ọdún méjì ló ti ṣí kúrò lára rẹ̀ ní òru kan, tó lọ wọ ara ẹlòmíràn. Obìnrin yìí ti gba olú rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n èyí tó gbà padà ti di ti Damaris.

"Damaris, kí lo fi bọ́ ọ?"

"Ta ló rí i, Mosún?"

Tàjùdíìnì wo ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ wo ilẹ̀. Bí àwọn àlejò bá dé tí wọ́n sì bá olú tó ń pa aràn ní ọjọ́ méjì, wọ́n á yìn ín, wọ́n á lọ. Bí wọ́n bá bá èyí tó ń pa á lójú ẹsẹ̀, yóò di oògùn. Mosúnmọ́lá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi ìka nu ibi kan lórí tábìlì tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ìwọ ni," ó wí.

"Sọ ọ́ dáadáa."

"Ìwọ lo rí i. Oko bàbá rẹ ló wà. Ìwọ lo pè mí."

Damaris mí kanlẹ̀. "Omi ògì ni," ó wí. "Èyí tó ti kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo rẹ èérún igi ọ̀pẹ sí i."

Ràshídátù kò fa ìwé ẹjọ́ náà ya. Ẹni tó ba nǹkan jẹ́ ti ba nǹkan jẹ́, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Damaris dé iwájú adájọ́. Mosúnmọ́lá fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀bẹ̀ fún un níbẹ̀, ó sì tún ọ̀rọ̀ tó sọ ní téṣàn sọ lójú gbogbo ènìyàn. Adájọ́ kò fi Damaris sẹ́wọ̀n. Ó ní kó fi ọdún kan ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ láìgba owó oṣù, kó sì tọ́jú olú náà lójú wọn.

Àwọn àlejò ti sún ìbẹ̀wò wọn síwájú. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá dé, Ràshídátù dúró síta láàbù, ó ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé tí Ayọ̀díjí fi gíláàsì tuntun sí. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ní kí wọ́n gbé àwo kan wá kí àwọn ya fọ́tò rẹ̀. Mosúnmọ́lá nawọ́ láti apá ọ̀tún, Damaris nawọ́ láti apá òsì, wọn kò wo ojú ara wọn. Àwo kan náà ni ọwọ́ wọn bà lé. Oníkámẹ́rà ní kí ẹnì kan jọ̀wọ́ kó dì í mú dáadáa. Kò sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ gbé ọwọ́ tirẹ̀ kúrò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ya á.